Oògùn Ọjọ́ Gbogbo, Oògùn Ìgbà Ẹ̀rù

[Fóònù dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ta nìyẹn?

ALÁAGO: Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọ̀sán. Ilé ńkọ́? Orúnkún yín ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?

ALÁAGO: Kò sí nǹkan kan. Ṣé ó di ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kí àbúrò tó kí ẹ̀gbọ́n ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Tìrẹ nìyẹn. Ìyàwó rẹ ńkọ́?

ALÁAGO: Ó ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun lọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa. Láti ọjọ́ Ajé. Èmi nìkan ni mo wà nílé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ kú ewu ọmọ. Kí lo wá fẹ́?

ALÁAGO: Kí ẹ bá mi yọ̀ ni. Mo ti da oògùn dókítà yín nù.

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe dókítà mi. Mo júwe rẹ̀ fún ọ ni. Èwo lo dà nù nínú méjèèjì?

ALÁAGO: [Ariwo lórí ìlà.] —gbogbo rẹ̀, mo fa omi—

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní èwo?

ALÁAGO: Mo ń gbọ́ yín. Èyí ti ojoojúmọ́ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo dà á sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo fa omi lé e. Ó parí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyàwó rẹ ò sí nílé, lo bá di akọni.

ALÁAGO: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń jẹ oògùn bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kí ni mo rí níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: O ṣì ń sá fún géètì ilé ara rẹ?

ALÁAGO: Mo dé géètì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀GBỌ́N: Kú oríire. Ọkùnrin ọgọ́ta ọdún dé géètì. Kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn.

ALÁAGO: Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró ná. Kí ló dé tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́? Àwọn aago rẹ dà? Mo máa ń gbọ́ wọn lẹ́yìn rẹ, bí adìẹ tí ń ṣa àgbàdo.

ALÁAGO: Mo dá wọn dúró.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún?

ALÁAGO: Gbogbo wọn. Ariwo wọn ń gún mi létí láti àná. Títí kan firíìjì. Mo yọ wáyà rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Aláago tí kò lè gbọ́ aago. Mo ti dàgbà, mo rò pé mo ti rí gbogbo rẹ̀.

ALÁAGO: Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ìlà yìí ò dáa. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ka oògùn lórí káńtà ọsibítù, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń gbé e mì sọ bó ṣe rí fún yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ ọ́. Mo ti jókòó.

ALÁAGO: Ti àkọ́kọ́, propranolol. Ìyẹn dá ọwọ́ mi dúró bí òkúta. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò lọ, àyà mi sì ń dún bí fèrè. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ṣe dáadáa. Oògùn yẹn kì í bá ikọ́ fée lọ, àyà rẹ sì ti ń dún láti kékeré. Bàbá wa rò pé ológbò ló wọlé.

ALÁAGO: Ni wọ́n bá fún mi ní méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan fún ọjọ́ gbogbo. Ọ̀kan fún ìgbà tí ẹ̀rù bá dé. Ẹni méjì ń ṣọ́ ilé kan, olè ṣì ń wọlé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó tó. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?

ALÁAGO: Èyí ti ojoojúmọ́, bí mo bá gbé e mì láàárọ̀, kí n tó jẹun tán, ara mi á ti rọ̀. Mo ń sùn lórí àga bí aṣọ tí wọ́n sá síbẹ̀. Nígbà tó yá, kò ràn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ di méjì. Mo sọ ọ́ di mẹ́ta.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ní kí o sọ ọ́ di mẹ́ta?

ALÁAGO: Èmi ni. Èmi náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: A máa wò ó. Èkejì?

ALÁAGO: Ẹ̀tàn gbáà ni. Ẹ̀rù á dé, àyà á máa já, màá gbé e mì, màá jókòó wákàtí kan. Òfo. Inú rírun nìkan ló ń fún mi. Dókítà yín ní kíákíá ló ń ṣiṣẹ́. Ẹfun ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n ń pè é ní oògùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Tún un sọ.

ALÁAGO: Ẹfun ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe ìyẹn. Èyí ti ojoojúmọ́ ló ń rọ̀ ọ́ lára kí o tó jẹun tán?

ALÁAGO: Bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ti ìgbà ẹ̀rù ni kì í ṣe nǹkan kan?

ALÁAGO: Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. [Ariwo.] Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ ńkọ́?

ALÁAGO: Kí ni ti ọwọ́ mi nínú èyí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìbéèrè ni mo bi ọ́.

ALÁAGO: Ó ń gbọ̀n díẹ̀. Wáyà kan wà nínú aago, ó tín-ín-rín bí irun. Mo já ti oníbàárà kan láàárọ̀ yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: O ti já a rí?

ALÁAGO: Láti ogójì ọdún? Rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Oorun ńkọ́?

ALÁAGO: N kò fojú kan oorun láti Ọjọ́rú. Òógùn ń wẹ̀ mí. Ó jọ pé òtútù fẹ́ mú mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Kì í ṣe òtútù. Mú páálí oògùn tó kù wá, kí o kà á fún mi.

ALÁAGO: Páálí wo? Inú agolo ni wọ́n wà. Àwọn agolo kékeré tí mo ń kó skúrù aago sí. Nínú iṣẹ́ wa, nǹkan kan kì í gbé inú páálí.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo lo ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

ALÁAGO: Mo kọ ọ́ sórí ìdérí. Orí ìdérí la ń kọ ọ́ sí, kí ojú lè kà á láti òkè. "Ọjọ́ gbogbo." "Ìgbà ẹ̀rù."

Ẹ̀GBỌ́N: Gbogbo ìdérí ló bá gbogbo agolo mu?

ALÁAGO: Ogójì agolo, ìwọ̀n kan náà. Ìdí tí mo fi rà wọ́n nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: O ti ṣí gbogbo wọn pa pọ̀ rí?

ALÁAGO: Nígbà tí mo nu eruku orí wọn. Ìyẹn ti tó oṣù mẹ́rin. Kí ni gbogbo ìbéèrè yìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Bí oògùn bá tán, ta ní ń rà á?

ALÁAGO: Ìyàwó mi. Mo ń wé ẹyọ kan sínú bébà fún un, ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Bí a ṣe ń ra skúrù nìyẹn. A kì í pe orúkọ. A ń mú àpẹẹrẹ lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Oníkẹ́míìsì náà kò béèrè ìwé dókítà?

ALÁAGO: Kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe? Á wò ó, á mú irú rẹ̀ wá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọgbọ́n pọ̀ ládùúgbò yín. Fi awò iṣẹ́ rẹ sójú. Ṣí agolo "Ìgbà ẹ̀rù". Kí ni wọ́n kọ sára oògùn inú rẹ̀?

[Agolo dún. Nǹkan kéékèèké fọ́n sílẹ̀.]

ALÁAGO: Ó dà nù. Ọwọ́ yìí náà— Ẹ dúró. Mo ti rí ọ̀kan. Àádọ́ta ni wọ́n kọ sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Àádọ́ta. Ó dá ọ lójú?

ALÁAGO: Ẹ̀gbọ́n, mo ń ka nọ́ńbà lẹ́yìn eyín aago.

Ẹ̀GBỌ́N: O ń kà á. Oṣù mẹ́rin ni oògùn fi ń gba ojú rẹ wọ ẹnu rẹ, o kò kà á lẹ́ẹ̀kan. Clonazepam ni ti ìgbà ẹ̀rù. Àádọ́ta kò sí lára clonazepam. Tìrẹ kò tó odidi mílígíráàmù kan gan-an, ìdajì ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ, sertraline ni. Òun ni ti ọjọ́ gbogbo.

ALÁAGO: Ìdérí rẹ̀ ní—

Ẹ̀GBỌ́N: O pààrọ̀ ìdérí, aláago.

[Ìdérí agolo bọ́ lulẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ALÁAGO: Mo gbọ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Sertraline kì í sáré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mẹ́fà, lójoojúmọ́, kí ènìyàn tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ ń lò ó bí ẹni bu bisikíìtì jẹ, o wá ń bú u pé kò ṣe nǹkan kan. Clonazepam ló ń sáré. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan là ń lò ó, nígbà tí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́. Òun lo sọ di oúnjẹ àárọ̀, oṣù mẹ́rin gbáko.

ALÁAGO: Ó dáa. Mo ti ṣàṣìṣe. Mo sì ti dà á nù. Ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ara ti gbára lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ara kúrò lórí rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìwọ yọ ọ́ bí ẹni yọ wáyà firíìjì. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, etí tí aago ń gún, òógùn, àìsùn, òun náà ni. Ohun tó kù kó dé ni gìrì.

ALÁAGO: Gìrì? Gìrì àwọn ọmọdé?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń mú àgbàlagbà. Ó lè mú ọ níbi tí o dúró sí yẹn, kí o fi orí gbá etí tábìlì, kí ìyàwó rẹ wá bá ọ nílẹ̀ bí ó bá dé. Ìgbà wo ló ń bọ̀?

ALÁAGO: Ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: O rí i.

ALÁAGO: Kí n gbé méjì mì nínú èyí tó kù?

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ogiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí ni? Kò wúlò fún èyí. Gbé e dání, wọ́n á fẹ́ rí i. Ilé ìwòsàn wà lẹ́yìn ilé epo yẹn. Òpópónà méjì. Dìde.

ALÁAGO: Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Dìde.

ALÁAGO: Ẹ mọ̀ pé n kò lè jáde. Ẹ bá mi pè wọ́n kí wọ́n wá sílé.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti ń pè wọ́n lórí fóònù kejì láti ìgbà tí o sọ̀rọ̀ aago. Ó ń dún. Kò sẹ́ni tó gbé e.

ALÁAGO: Ẹ wá, ẹ̀yin. Ẹ wá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìrìn ọjọ́ kan ni mo jìnnà sí ọ. Ta ló wà nítòsí? Ta lo ń rí lójú fèrèsé?

ALÁAGO: Aránṣọ nìkan. Iwájú wa lọ́hùn-ún ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Pè é, kó mú ọ lọ.

ALÁAGO: Rárá o.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló fà á?

ALÁAGO: Ó rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹsẹ̀ wo?

ALÁAGO: Ohun tí mo sọ fún àdúgbò nìyẹn. Pé ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí n máa jáde. Ta ni yóò sọ fún ènìyàn pé òun ń bẹ̀rù títì?

Ẹ̀GBỌ́N: Oṣù mẹ́sàn-án lo fi purọ́ mọ́ ẹsẹ̀ tí kò ṣẹ̀ ọ́.

ALÁAGO: Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ ṣe ń fi mí ṣe é yìí.

[Ariwo lórí ìlà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Ṣí fèrèsé. Má sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Bí gìrì bá mú ọ lọ́nà, tó bá rò pé ẹsẹ̀ ni, á máa fi òróró pa ọ́ lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ni kí o sọ.

ALÁAGO: Kí n pariwo rẹ̀ láti ojú fèrèsé?

Ẹ̀GBỌ́N: Tí o bá ní ọ̀nà mìíràn, mo ń gbọ́.

[Fèrèsé ṣí. Ariwo ọkọ̀.]

ALÁAGO: Aránṣọ! Aránṣọ o! Ẹ jọ̀ọ́! ... Kì í ṣe aago! ... Mo ní kì í ṣe aago! Èmi ni! ... Kì í ṣe ẹsẹ̀! Ẹ̀rù ni! Ẹ̀rù ìta ló ń bà mí, n kò lè dá jáde, mo sì gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn!

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló sọ?

ALÁAGO: Ó ń bọ̀. Kò tíì yọ téèpù kúrò lọ́rùn.

Ẹ̀GBỌ́N: Kọ́kọ́rọ́ géètì ńkọ́?

ALÁAGO: Ó wà lọ́wọ́ mi. Ihò rẹ̀ ni n kò rí. Ọwọ́ yìí ò—

[Irin ń lu irin. Géètì ké.]

ARÁNṢỌ: Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún mi jàre. Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Aláago.

ALÁAGO: Aránṣọ, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn—

ARÁNṢỌ: Ta ló gbà á gbọ́? Mò ń rí yín lójú fèrèsé: ọ̀tún lẹ ń tiro lọ́jọ́ Àìkú, òsì lọ́jọ́ Ajé. Wíwọn ènìyàn niṣẹ́ mi, mo mọ ẹsẹ̀ tó ń dunni. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn?

ALÁAGO: Ẹ̀gbọ́n mi. Apoògùn ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Fún un ní fóònù. Aránṣọ, ẹ ṣeun. Ẹ dì í mú ní apá. Bó bá ṣubú tó ń gbọ̀n, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ pariwo kí wọ́n gbé e wọlé.

ARÁNṢỌ: Ó yé mi, bàbá. Ẹ gba fóònù yín, Bàbá Aláago. Ó yá.

[Ìró ẹsẹ̀. Ọkọ̀ kan kọjá.]

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo lẹ dé?

ALÁAGO: Ìta géètì.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo báyìí?

ALÁAGO: Ibẹ̀ náà ni. Ẹsẹ̀ mi ò gbé. Títì yìí ti fẹ̀ jù. Kò sí ibi tí mo lè dì mú. Ẹ̀gbọ́n, àyà mi fẹ́ bẹ́. Mò ń kú.

Ẹ̀GBỌ́N: O kò ní kú. Ẹ̀rù tìrẹ tí a mọ̀ nìyẹn. Ẹni tí gìrì mú kì í bá ènìyàn jiyàn. Bú mi.

ALÁAGO: Kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Bú mi. Ìgbésẹ̀ kan, èébú kan.

ALÁAGO: N kò lè bú yín. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fún ọ láyè. Àbí èébú náà wà nínú agolo?

ALÁAGO: Ẹ... imú yín tóbi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọdé ló ń bú ènìyàn báyẹn. Imú bàbá wa ni, ìwọ náà ní in. Òmíràn.

ALÁAGO: Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́. Ọ̀rọ̀ yín kì í rọ ènìyàn lọ́rùn. Àní ìyàwó yín, kó tó kú, ó máa ń pè yín ní Ọ̀gá Ọsibítù.

ARÁNṢỌ: Ó ń rìn, bàbá! Ẹ jẹ́ kó máa bú yín lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Òmíràn.

ALÁAGO: Oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ kò wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ní orúnkún ni. Orúnkún yẹn wọ ọkọ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yín ló sọ fún mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ ni. Òmíràn.

ALÁAGO: [Èémí rẹ̀ ń dún.] Mo sọ fún yín nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní oògùn ọjọ́ gbogbo yìí ń rọ̀ mí lára kíá. Mo fẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oògùn. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ojo ni mí, pé ohunkóhun tó bá kan ojo lẹ́nu á wò ó sàn.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo sọ bẹ́ẹ̀.

ALÁAGO: Ẹ kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ẹ̀GBỌ́N: N kò bi ọ́. Ó yẹ kí n bi ọ́. Ṣé o ń rìn?

ALÁAGO: Mò ń rìn. Ilé epo rèé. Gbogbo wọn ń wò mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́. O kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

ARÁNṢỌ: Mo ti rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, bàbá.

[Ariwo lórí ìlà.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ALÁAGO: Ohùn yín ń já. Ẹ sọ ọ́ kíá.

Ẹ̀GBỌ́N: Bí ẹ bá wọlé, wọ́n á béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, ibi tí o ń gbé. Má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ oògùn ni kí o kọ́kọ́ sọ. Clonazepam. Oṣù mẹ́rin, lójoojúmọ́. Ó ti di mẹ́ta lójúmọ́. O dá a dúró lójijì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tún un sọ.

ALÁAGO: Clonazepam. Oṣù mẹ́rin, lójoojúmọ́. Mẹ́ta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀GBỌ́N: Lójijì.

ALÁAGO: Lójijì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà létí mi.

[Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn obìnrin kan: "Ẹ káàbọ̀. Kí lorúkọ yín, bàbá?"]

ALÁAGO: Orúkọ mi á dúró ná, nọ́ọ̀sì. Clonazepam. Oṣù mẹ́rin, lójoo—

[Ìpè já.]